Ara mi kò yá tán, mo sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé: ṣé ọ̀lẹ ni mí ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbarà ní Abẹ́òkúta níbí ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Èkó ni iléeṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ wà, inú yàrá mi ni mo sì ti ń dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn lórí kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀nà ọ̀fun ti ń dùn mí, imú mi ń dà, ara sì ń ro mí díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe àìsàn tó ń dá ènìyàn wó. Mò ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò yá bó ṣe máa ń yá, mo sì máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án. Bí mo bá jókòó ti iṣẹ́, ọkàn mi á ní mò ń fìyà jẹ ara mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ọkàn yẹn kan náà á ní ọ̀lẹ ni mí, pé owó iléeṣẹ́ ni mò ń jẹ lófo. N kò tíì sọ fún ọ̀gá mi. Ṣé kí n sọ ni, àbí kí n máa rọ́jú ṣe é títí ara yóò fi yá?

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín lónìí, kí ẹ tó tún fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan.

Èmi kò gbà pé dídùbúlẹ̀ ni ó ń dà yín lọ́kàn rú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Dídákẹ́ ni. Ọ̀gá yín jókòó sí Èkó, ó gbà pé odidi òṣìṣẹ́ ló wà nídìí iṣẹ́ òun ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé àbọ̀ ni ẹ lè ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin nìkan bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ìgbà tí orí yín bá kan ìrọ̀rí ni yóò máa ṣe yín bí ẹni tó ń jí nǹkan. Bí ọ̀gá bá ti mọ̀ ọ́n, tó sì ti fọwọ́ sí i, ìrọ̀rí á padà di ìrọ̀rí.

* * *

Mo ti ka èsì àwọn tó ti dá arábìnrin yìí lóhùn ṣáájú mi. Bí mo bá kó wọn jọ, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí, mo sì ní ohun tí mo fẹ́ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ.

Àwọn àkọ́kọ́ ní ẹni tó bá ṣì lè tẹ kọ̀ǹpútà kò ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n kan tí èsì rẹ̀ gùn jù lọ sọ pé nígbà tí òun ń lọ Èkó láti Àdàtán lójoojúmọ́, aago mẹ́rin òru ni òun ń jí, òun á gba Ìfọ̀ àti Sángo kọjá nínú ọkọ̀ èrò, ibà ì báà máa gbọn òun jìnnìjìnnì, òun á débi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Èmi náà mọ ojú ọ̀nà yẹn kí ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní 2021, mo sì mọ bí ènìyàn ṣe ń la ẹnu sùn lórí ìjókòó títí dé Ìyànà-Ìpájà. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe nígbà tí a bá fi àìsàn dé ọ̀hún? A ó fọwọ́ síwèé pé a dé. Ọ̀gá á rí wa. Lẹ́yìn náà a ó gbé orí lé tábìlì títí di ọ̀sán, àwọn ènìyàn á máa kí wa kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ tí a ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò ju èyí tí arábìnrin yìí ń ṣe nínú yàrá rẹ̀ lọ. Ojú tó rí wa nìkan ni ìyàtọ̀. Ẹni tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ kò ní ojú kankan tó ń rí i, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ á sọ ara rẹ̀ di alábòójútó, irú alábòójútó bẹ́ẹ̀ sì máa ń le ju ọ̀gá lọ, torí kì í lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kejì ní kí ó pa fóònù, kí ó sùn, pé ara ló nìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ ni, àwọn tó sọ ọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, tí eruku bá ti gbòde, ta ni imú rẹ̀ kì í dí ní ìlú yìí? Bí a bá ní kí gbogbo ẹni tí ọ̀fun ń dùn pa fóònù, ọjọ́ ìsinmi tí iléeṣẹ́ fún un lọ́dún á ti tán kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ọjọ́ tí àìsàn gidi bá wá dé, kò ní rí ọ̀kan mú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwa kan wà tí dídùbúlẹ̀ láìṣe nǹkan kan máa ń sọ ọ̀fìnkìn wa di ìrònú. Iṣẹ́ díẹ̀ lè ṣe ènìyàn lóore. Ẹni tí yóò pín in sí díẹ̀ ni a ń wá.

Àwọn kẹta ní kò sẹ́ni tó ń wò ó, kí ó máa ṣe bó ṣe wù ú, iléeṣẹ́ náà kò ṣáà sanwó iná tàbí dátà fún un. Òótọ́ ni pé wọn kò sanwó iná. Gbangba ni ó yẹ ká ti béèrè ìyẹn, kì í ṣe kí a máa fi oorun gbà á padà ní ìkọ̀kọ̀.

* * *

Ẹnìkan ní òfin Nàìjíríà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi àìsàn. Ó mọ̀ ọ́n. Abala 16 nínú òfin òṣìṣẹ́ wa, èyí tó ti wà láti 1971, sọ pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ láàárín ọdún kan, bí àìsàn tí kì í ṣe ọlọ́jọ́ gígùn bá dá a dúró, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì jó. Òfin yẹn kan náà, ní abala 91, sọ àwọn tó kà sí òṣìṣẹ́: àwọn tó ń fi agbára ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló ní lọ́kàn, ó sì yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso, iṣẹ́ aláṣẹ, iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ti ilé tẹ kọ̀ǹpútà ló jẹ́ pé ìwé tí wọ́n fi gbà wá síṣẹ́ ni òfin wa. Ẹ wá ìwé náà jáde nínú àpótí, kí ẹ kà á. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín, àti ọjọ́ tí wọ́n ti ń béèrè ìwé dókítà.

Ohun mìíràn tún ni pé ẹni tí kò sí níbi iṣẹ́ ni òfin náà ń bá wí. Ní 1971, yálà ènìyàn wà níbi iṣẹ́, tàbí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó wà nílé, tí ọ̀fun ń dùn, tó sì ń dá lẹ́tà lóhùn, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, n kò sì rò pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti jókòó láti kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ìwé dókítà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àìsàn kò bá ju ọjọ́ méje lọ, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Ní Jámánì, àfi bí iléeṣẹ́ bá ní òun fẹ́ ẹ kíákíá, ìgbà tí àìsàn bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ni ìwé di dandan. Níbí, ẹni tí ọ̀fun ń dùn á wọ ọkọ̀, á sanwó káàdì, á fi odidi òwúrọ̀ tò sẹ́yìn àwọn tí àìsàn wọn le, kí ó tó gba ìwé tó ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ nígbà tó jí. Àárẹ̀ ìlà yẹn nìkan lè sọ kékeré di ńlá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rọ́jú ṣiṣẹ́: wàhálà ìsinmi ju ti iṣẹ́ lọ.

* * *

Arákùnrin kan ní ibà ni, kí ó lo oògùn ibà, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó fẹ́ jọ pé ọ̀rọ̀ yìí ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n orí pé àìsàn náà kéré lóòótọ́ ni gbogbo ohun tí a ń sọ dúró lé.

Kì í ṣe imú dídà àti ọ̀fun dídùn la fi ń mọ ibà. Ọ̀fìnkìn ló jọ, ọ̀fìnkìn sì máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó lọ. Oògùn ibà kò ní mú un yára. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà, àyẹ̀wò tí wọ́n ń gún ìka fún kì í sì í tó ìdajì wákàtí. Bí ó bá wá jẹ́ ibà, oògùn artemether-lumefantrine tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni láàárín ọjọ́ mẹ́ta: ẹ̀kejì ní wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá nínú. Àwọn tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ ni mo rí tó máa ń já a sílẹ̀ jù. Ara wọn á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìpàdé á pè wọ́n, ìyókù oògùn á wà lórí tábìlì títí ibà á fi padà dé.

Ní ti àgbo, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyá kan ń gbé e kiri ládùúgbò wa láàárọ̀. Ewé dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ àti koríko ọba ló ń sè pọ̀, kíkorò rẹ̀ sì máa ń wà lẹ́nu títí di ọ̀sán. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ má ṣe dà á lé oògùn kẹ́míìsì lórí, kí ẹ má sì mu èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ nígbà tí oníbàárà tó ń bínú ṣì ń retí èsì yín. Bí ara bá ń gbóná ju ọjọ́ méjì lọ, tàbí tí èémí ń nira, tàbí tí ènìyàn ń bì tí kò lè mu omi dúró, a kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́. Ilé ìwòsàn ló kù.

* * *

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ṣì ń sọ pé ìbá sàn kí ó wá ọ̀nà lọ sí ọ́fíìsì, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé òun ṣiṣẹ́.

Ṣé a ti gbàgbé 2020 ni? Ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò gbé àrùn kòrónà jáde lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà, ará Ítálì tó wá síbi iṣẹ́ ní Èwékorò ni, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni ìsémọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìgbà náà ni púpọ̀ nínú wa sì kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì wọ yàrá. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, oyè ni kí ènìyàn máa wúkọ́ níbi iṣẹ́. Ní ọ́fíìsì tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Èkó, àwa mẹ́fà la jọ ń lo yàrá kan, ẹ̀rọ amúlétutù kan, fèrèsé tí wọn kì í ṣí, ife méjì lórí ẹ̀rọ omi. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìwé owó á fi róòbù kun igun imú rẹ̀ méjèèjì títí tí yóò fi máa dán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, á fi ọwọ́ yẹn kan náà na ìwé ìsanwó sí ẹni tó kàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo yàrá ti ń wúkọ́, ọ̀gá sì yìn ín lójú wa pé kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ àwa márùn-ún tó kù tó bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí influenza, àìsàn tó jọ ọ̀fìnkìn ṣùgbọ́n tó le jù ú lọ, bá mú lè kó o ran ẹlòmíràn láti nǹkan bí ọjọ́ kan kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀, títí di bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun jókòó sílé, ohun kan tó ṣe dáadáa gan-an ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lé lórí. Bí ẹnìkan bá wà tó yẹ kí arábìnrin wa máa rò, màmá àgbà tàbí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá jọ ń gbé ni, kì í ṣe iléeṣẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan gún mi ju ìyókù lọ. Ẹnìkan kọ ọ́ pé Ìtòkú ni ìyá òun ti ń pa aró, pé ọjọ́ tí ìyá náà bá dùbúlẹ̀, kò sí owó ọjọ́ náà, pé àwọn tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan lórí ibùsùn tí wọ́n tún ń sọ pé ọkàn ń dá àwọn lẹ́bi, ìyà ni kò tíì jẹ wọ́n.

N kò ní jiyàn pé a rí ojú rere ju ìyá náà lọ. A rí i. Òfin ìbánigbófò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Ìtòkú kí ẹ béèrè iye àwọn aláàdìrẹ tó ní in. Owó àjọ ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbọ́ bùkátà àìsàn. Bí a bá fẹ́ jà fún wọn, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí náírà kan tí yóò wọ àpò ìyá náà nítorí pé arábìnrin Ìbarà kọ̀ láti sinmi.

Ṣùgbọ́n agboolé aláàdìrẹ ni èmi náà dàgbà sí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó kọ̀wé yẹn rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àdìrẹ kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó wà nídìí aró ń fara gbá ooru àti èéfín sódà, ó ń fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà yí aṣọ tó ti mumi, tó wúwo. Ẹni tó ń fi ìko di aṣọ jókòó sábẹ́ òrùlé. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ jókòó, ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà jókòó. Bí ara ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò bá yá tán, kì í sún mọ́ ìdí aró. Láàárọ̀ ni yóò ti wí i kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ bá mi bójú tó aró lónìí, ìko ni n ó dì." Á na ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ẹní, á kó aṣọ funfun lé itan, á ṣẹ́ igun aṣọ náà jọ, á fi ìko yí i ká, á fi eyín fà á kí ó le. Nígbà mìíràn oorun á gbé e lọ pẹ̀lú ìko lẹ́nu. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀lẹ, òun náà kò sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí láti àárọ̀ ni agboolé ti mọ iṣẹ́ tó gbà lọ́jọ́ náà, aṣọ tó dì á sì wà nílẹ̀ lálẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀ lójú. Ìjókòó kan náà ni gbogbo rẹ̀, ojú kan náà la fi ń wò ó, nítorí náà a kì í tètè mọ èyí tó jẹ́ aró nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ìko. Wọ́n sì wà níbẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá pín iṣẹ́ náà sí aró àti ìko, torí arábìnrin náà ti padà béèrè pé báwo ni òun ṣe máa ṣe é.

Nínú iṣẹ́ ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn, aró ni oníbàárà tó ń pariwo lórí fóònù, aró ni dídá owó padà fún ènìyàn, aró ni kí ẹ bá iléeṣẹ́ ṣèlérí ọjọ́ tí ọjà yóò dé. Orí tó ń fọ́ máa ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì máa ń fi òdo kan kún owó láìmọ̀. Ẹ gbé gbogbo ìyẹn fún ẹlòmíràn, tàbí kí ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ìko ni títo àwọn lẹ́tà sípò wọn, pípa àwọn ẹjọ́ tó ti parí dé, àti títún àwọn èsì tí ẹ ti kọ sílẹ̀ fún ìbéèrè ojoojúmọ́ kọ. Ìwọ̀nyí kì í da ènìyàn lórí rú, wọ́n sì ṣeé fi sílẹ̀ láàárín méjì láti lọ dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ara mi kò yá tán láti ọjọ́ Ajé, ọ̀fun ló ń dùn mí. Mo lè dá lẹ́tà lóhùn láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá. N kò ní lè gba ìpè lónìí, n kò sì ní fọwọ́ sí owó kankan. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, n ó jẹ́ kí ẹ mọ bí ara ṣe rí." Ó parí. Ẹnìkan lókè ní kò yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ̀wé sí àgbà báyìí láìbẹ̀bẹ̀, kí ó fi "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" sí i. Ẹ kí i dáadáa, ìyẹn tó. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ lórí àìsàn ti fi ara rẹ̀ sípò ẹni tó ṣẹ̀, ọ̀gá á sì dá a lóhùn bí ẹni tó ń dárí jì í. Bí ọ̀gá yín bá jẹ́ irú èyí tí kì í gba ọ̀rọ̀ orí WhatsApp gbọ́, ẹ pè é lórí fóònù kí ó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn tó ha.

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó dárúkọ iná. Ní oṣù kẹrin 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní yóò máa rí iná fún ó kéré tán 20 wákàtí lójúmọ́, fò sókè. Àwa tí a kò sí níbẹ̀ mọ ara wa. Ẹni tí ara ń ro, tí yóò kọ́kọ́ fa okùn jẹnẹrétọ̀ ní ìgbà mélòó kan kí ó tó lè jókòó síbi iṣẹ́ tí wọ́n ní kò le, iṣẹ́ tó le ló ti ṣe yẹn. Bí ẹ bá mọ àkókò tí iná máa ń dé ládùúgbò yín, àkókò yẹn ni kí ẹ sọ fún ọ̀gá, kì í ṣe èyí tó bá ti Èkó mu. Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀, kí ó jìnnà sí fèrèsé yàrá tí ẹ dùbúlẹ̀ sí, torí èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn, ẹ̀fọ́rí àti èébì tó kọ́kọ́ máa ń fà sì jọ àìsàn tí ẹ rò pé ó ń ṣe yín.

Àwọn ará ilé náà ńkọ́? Bí wọ́n bá ti rí yín nílé, ẹ̀yin ni ẹ ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń ta gáàsì, ẹ̀yin ni ẹ ó gba ọmọ aládùúgbò dání díẹ̀. Ìyẹn ń jẹ nínú àbọ̀ ọjọ́ tí ẹ ti tọrọ. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú.

* * *

Arábìnrin, mo rí i nínú èsì yín tuntun pé ẹ ti sọ fún ọ̀gá yín, ó sì ní kí ẹ tọ́jú ara yín, àmọ́ ó béèrè bóyá ẹ lè yọjú sí ìpàdé aago mẹ́rin lórí Zoom. Ẹ wá ń bi wá bóyá ó yẹ kí ẹ fi ọjọ́ Àbámẹ́ta dí àwọn wákàtí tí ẹ kò ṣiṣẹ́.

Ti ìpàdé: ẹ lọ bí ohùn yín bá gbà. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ara yín kò yá, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó kàn yín ṣíwájú, kí ẹ sì jáde nígbà tí wọ́n bá parí rẹ̀. Àwọn kan níbí ní pípa kámẹ́rà jẹ́ àfojúdi. Ojú tó wú, tó ń ṣomi, kò fi kún ọgbọ́n ìpàdé kankan tí mo mọ̀.

Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, rárá. Bí wọ́n bá ń san owó fún yín lórí iye lẹ́tà tí ẹ dá lóhùn, ìyẹn yàtọ̀, ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí àpò yín gbà. Ṣùgbọ́n bí owó oṣù ni wọ́n ń san, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ẹ béèrè bóyá iléeṣẹ́ ń ka àbọ̀ ọjọ́ sínú ìsinmi àìsàn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kò kà á, ọ̀gá yín ti gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní wákàtí kankan. Ní ti àwọn lẹ́tà tó kù nílẹ̀ lónìí, ẹ kọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín má baà tún máa béèrè nọ́ńbà ọjà lọ́wọ́ oníbàárà tó ti fún yín lánàá.